Lẹ́tà Kan Tí Ó Ń Gbé Ọmọ Ṣubú: Ìtàn Ìbámu Olùwà àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ní Erékùṣù Èkó

Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò gbé e dìde. Àgbà ń wá ohun tí ó gbé òun ṣubú. Ó ti lé ní ọgọ́jọ ọdún tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Erékùṣù Èkó ti ń ṣubú lórí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́tà náà ni "s" tí a máa ń fi kún ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tí olùwà bá jẹ́ ẹyọ ẹnì kẹta. Ọmọ a kọ "he go" sílẹ̀. Olùkọ́ a fi bíró pupa fa ìlà sí i. Ọmọ a tún un kọ ní ìgbà mẹ́wàá. Nígbà tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, "he go" náà ni yóò tún kọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka àṣìṣe yìí sí àìgbọ́n tàbí ìwà ọ̀lẹ. Ìtàn fi hàn pé kì í ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Òfin ni ọmọ náà ń tẹ̀lé. Òfin èdè rẹ̀ ni.

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe kì í pa ara dà nítorí olùwà. Mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, ẹ lọ, wọ́n lọ: "lọ" kan náà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá kan lọ sí ọjà Ẹbúté Èrò. Ogún ìyá lọ sí ọjà Ẹbúté Èrò. Ọ̀rọ̀ náà kò bìkítà bóyá ẹnì kan ni tàbí ogún. Olùwà ni ó máa ń fi iye hàn, yálà pẹ̀lú "àwọn" tàbí pẹ̀lú òǹkà. Nígbà tí ó bá sì sọ pé ẹni púpọ̀ ni, ọ̀rọ̀-ìṣe kò tún ní ìdí láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Àní nígbà tí ọ̀wọ̀ bá mú kí a lo arọ́pò ọ̀pọ̀ fún ẹnì kan, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó sọ pé "Bàbá ti dé, wọ́n ń jẹun," ọ̀rọ̀-ìṣe dúró gbọnyin sí ààyè rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àsìkò ìsinsìnyí, ọ̀nà mẹ́fà ni olùwà lè gbà yọ. Márùn-ún nínú wọn kò fi ohunkóhun kún ọ̀rọ̀-ìṣe: "I go, you go, we go, you go, they go." Ẹyọ kan tí ó ṣẹ́kù ni ó yàtọ̀: "he goes." Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ó ní àmì tirẹ̀, ọmọ yóò mọ̀ pé àmì ni òun ń wá. Bí kò bá sí àmì rárá, kò ní sí ẹjọ́. Ẹyọ kan láàárín mẹ́fà ni ìṣòro, nítorí pé ohun tí ọmọ ń gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà bá ti ilé rẹ̀ mu.

Ìṣòro kejì fara pẹ́ èkíní. Bí Yorùbá bá sọ pé "Ó lọ sí ọjà," ohun tí olùgbọ́ yóò gbọ́ ni pé ẹni náà ti lọ. Bí ó bá jẹ́ ìṣe àtìgbàdégbà ni, ọ̀rọ̀ yóò yí padà sí "Ó máa ń lọ sí ọjà." Ibá bárakú yìí, tí "máa ń" ń tọ́ka sí, ni Gẹ̀ẹ́sì fi àsìkò ìsinsìnyí sọ. Nítorí náà, ọmọ tí ó fẹ́ kọ "She goes to market" ní iṣẹ́ méjì láti ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: kí ó gbàgbé "máa ń" tí ó dá hàn gedegbe níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó sì rántí "s" kékeré tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Báyìí ni àwọn èdè méjèèjì ṣe rí nígbà tí wọ́n pàdé nínú ilé-ìwé Èkó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn méjì yìí nìkan ni ó wà ní erékùṣù náà. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ní àyíká Ìgà Ìdúngànràn tí í ṣe ààfin ọba, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ. Mùsùlùmí pọ̀ láàárín wọn, àwọn ọmọ sì ń kọ́ Lárúbáwá ní ilé-kéú. Àwọn Sàró tí ó ti Sẹ̀rà Líónì padà wá sílé tẹ̀ dó sí Olówógbowó pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, Kírìó àti Yorùbá tí wọn kò gbàgbé. Àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíl dé wà ní Pópó Àgùdà, Potogí sì ń dún ní ilé wọn. Àwọn òyìnbó oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà ní etí omi, ní Marina.

Òǹkàwé tí ó bá wo àwọn èdè wọ̀nyí dáadáa yóò rí i pé ìbámu olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe kì í ṣe àjèjì pátápátá ní Èkó. Ní Lárúbáwá, "yaktubu" ni ti ọkùnrin kan tí ó ń kọ̀wé, "taktubu" ni ti obìnrin kan, "yaktubūna" sì ni ti àwọn ọkùnrin púpọ̀. Ní Potogí, "falo" ni ti ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, "fala" ni ti ẹlòmíràn, "falamos" ni ti àwa, "falam" ni ti àwọn. Nínú àwọn èdè méjèèjì yìí, àmì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kò fi lè ṣàì rí i. Ní ìdà kejì, Kírìó ti àwọn Sàró àti Pijin tí a ń sọ ní ọjà àti ní ẹ̀bá ọkọ̀ ojú omi kò ní àmì kankan: "e dey go, dem dey go." Èyí já sí pé ọmọ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ìgboro kí ó tó dé ilé-ìwé kò gbọ́ "s" náà níbẹ̀. Inú ìwé ni ó ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú ìwé náà wọ erékùṣù yìí lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá 1851. Ní 1852 ni ìjọ C.M.S. bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà 1859 ni wọ́n ṣí C.M.S. Grammar School pẹ̀lú ọmọkùnrin 6. Àlùfáà Thomas Babington Macaulay ni ọ̀gá ilé-ìwé àkọ́kọ́, oníṣòwò Sàró nì, James Pinson Labulo Davies, sì fi pọ́n-ùn 50 ṣe ìrànwọ́ fún ríra ìwé àti ohun èlò. Gẹ̀ẹ́sì, Látìn, Gíríìkì, ìṣirò, ìtàn, ìmọ̀ ilẹ̀ ayé àti Bíbélì wà lára ohun tí àwọn ọmọ ń kọ́. Látìn àti Gíríìkì kún fún àfòmọ́ ìparí, wọ́n sì fi ojú èdè wọ̀nyẹn wo Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Ọmọ a kọ́ "amo, amas, amat" sórí, lẹ́yìn náà a kọ́ "I love, thou lovest, he loves." Yorùbá tí ó gbé wá láti ilé kò sí lórí tábìlì.

Èyí sì yani lẹ́nu, nítorí pé ìmọ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ilé-ìwé náà rárá. Abigail, ọmọ Àjàyí Crowther, ni ìyàwó Macaulay. Crowther yìí kan náà ni ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843 pẹ̀lú àlàyé gírámà níwájú rẹ̀, tí ó sì tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1852. Ọdún méje ti kọjá lórí gírámà náà kí àwọn ọmọ 6 wọ̀nyẹn tó jókòó sí kíláàsì. Ní 1875, ìpàdé kan tún wáyé ní Èkó láti fẹnu kò lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ohun tí olùkọ́ nílò láti fi Yorùbá tànmọ́lẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì wà nílé àna ọ̀gá ilé-ìwé gan-an.

Òfin ìjọba ni ó sọ àìfiyèsí yìí di ọ̀ràn owó. Ní orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà 1862 ti so owó ìrànwọ́ ilé-ìwé mọ́ bí àwọn ọmọ bá ṣe yege níwájú alábẹ̀wò. Ní 1882, nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ àkóso Gold Coast, òfin ẹ̀kọ́ tuntun gbé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ wá sí ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Kíkà àti kíkọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìṣirò ni òpómúléró rẹ̀. Kò sí owó kankan nínú rẹ̀ fún èdè ìbílẹ̀. Àwọn ará Èkó kan àti àwọn oníwàásù kùn sí i pé a ti ti èdè ọmọ sẹ́yìn. Èkó yapa kúrò lára Gold Coast ní 1886, ó sì ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1887, ṣùgbọ́n owó ṣì ń tẹ̀lé èsì àyẹ̀wò. Ní 1889 ni Henry Carr, ọmọ Sàró tí a bí ní Èkó tí ó sì kàwé ní Fourah Bay, wọ iṣẹ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti igbákejì alábẹ̀wò ilé-ìwé.

Ó yẹ kí a ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún olùkọ́ ìgbà náà. Bí alábẹ̀wò bá ní kí ọmọ kọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, tí ọmọ sì ń gbàgbé "s", èsì ilé-ìwé ni ó ń bàjẹ́, owó ọdún tí ń bọ̀ sì lè dín kù. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí a mú ọmọ kọ́ gbólóhùn sórí títí ẹnu rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn lára. Àkọ́sórí a máa gba ènìyàn là níwájú alábẹ̀wò, ṣùgbọ́n kì í bá a dé ibi tí yóò ti kọ gbólóhùn tirẹ̀. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní erékùṣù náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí kò fẹ́ fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé oníwàásù. Nígbà tí ó ṣe, ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1923, tún ṣí ilé-ìwé tirẹ̀ ní Alákoro. Báyìí ni "s" náà ṣe dé àárín àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó ti ilé-kéú mọ ìrísí ìwé kíkà.

Nígbà tí ó bá rí báyìí, ó tọ́ kí a bi "s" fúnra rẹ̀ léèrè ibi tí ó ti wá. Láyé àtijọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì ní àfòmọ́ ìparí púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Látìn. Wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọ̀rúndún ti ń gorí ọ̀rúndún, títí tí ó fi ku ẹyọ kan yìí. Àní ẹyọ kan náà kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "-eth" ni wọ́n ń lò; láti àríwá ni "-s" ti sọ̀ kalẹ̀, tí ó sì gba ẹnu àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún àti kẹtàdínlógún. Ṣùgbọ́n Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ̀ ní 1611 di "-eth" mú. Ọmọ Èkó tí ó ka Bíbélì yìí ní ọjọ́ Ìsinmi yóò bá "goeth" àti "maketh" pàdé, ní ọjọ́ Ajé wọn yóò sì ní kí ó kọ "goes" àti "makes". Títí di òní, ní Norfolk àti agbègbè rẹ̀ ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan nínú ọmọ ìbílẹ̀ ṣì ń sọ "he go" ní èdè àdúgbò wọn. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ọpọlọ wọn kò pé. Ohun àṣẹ́kù ni "s", kì í ṣe òṣùwọ̀n ọgbọ́n.

Ìtàn yìí tún tú kókó mìíràn tí ó máa ń rú akẹ́kọ̀ọ́ lójú. Bí ènìyàn kan bá wà níwájú ẹni, èé ṣe tí a kì í fi "s" sí ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́yìn "you"? Yorùbá ni ó lè dáhùn jù. Ní ìgbà kan, "thou" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹnì kan, "you" sì jẹ́ ti ọ̀pọ̀, gẹ́gẹ́ bí "o" àti "ẹ". Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi "you" bọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, bí ọmọ Yorùbá ti ń fi "ẹ" bá bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ náà gbilẹ̀ títí "thou" fi parẹ́ kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀lé ọ̀pọ̀ ni ó bá "you" wá, òun náà ni ó sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí di òní. Ọmọ tí a bá ṣe àlàyé báyìí fún kò ní gbàgbé mọ́.

Lẹ́yìn alábẹ̀wò ni ìdánwò ńlá dé. Ìwé ẹ̀rí Cambridge ni àwọn ọmọ ilé-ìwé gíga ń lépa kí a tó dá àjọ WAEC sílẹ̀ ní 1952. Fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí kò bá yege nínú Gẹ̀ẹ́sì kò ní gba ìwé ẹ̀rí Cambridge náà, bí ó ti wù kí ó mọ ìṣirò tó. Kò sí iṣẹ́ akọ̀wé fún un ní Marina, kò sì sí ọ̀nà yunifásítì. Nínú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kékeré di ọ̀ràn ìgbésí ayé ẹni.

Àwọn ibi tí olùṣèdánwò ti ń ṣubú kò sì yí padà púpọ̀. Èkíní ni òfin tí a fi ń kọ́ wọn pé olùwà ẹyọ ń fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹyọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ pé "s" ni ó ń sọ "boy" di ọ̀pọ̀, nígbà tí a bá tún wí fún un pé "goes" tí ó ní "s" ni ẹyọ, ó di àdììtú, ó sì kọ "The boys goes." Èkejì ni gbólóhùn ìbéèrè àti ti àyísódì. Níbẹ̀, "do" ni ó ń gba "s" náà, tí ó sì ń di "does", ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an a sì bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ẹni tí kò mọ èyí a kọ "He does not goes." Ẹ̀kẹta ni olùwà tí ó jìnnà. Nínú "The price of yams rises," iye owó ni olùwà, kì í ṣe iṣu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣu ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe jù. Ẹ̀kẹrin ni "everybody". Gbogbo ènìyàn ni lójú Yorùbá, wọ́n sì pọ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ka wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní "everybody knows." Ẹ̀karùn-ún ni ọ̀wọ̀: ọmọ tí a tọ́ dáadáa a kọ "they" fún bàbá rẹ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀-ìṣe a sì tẹ̀lé e lọ. Nínú márààrún, ó kéré tán ó di méjì tí olùkọ́ kò lè tú láìjẹ́ pé ó yíjú sí Yorùbá.

Àwọn onímọ̀ Yorùbá ti ṣe iṣẹ́ tí ó mú kí yíyíjú bẹ́ẹ̀ rọrùn. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé gírámà Yorùbá jáde ní 1966, Ọládélé Awóbùlúyì sì tẹ tirẹ̀ ní 1978. Láàárín ìgbà náà, àríyànjiyàn kan wáyé lórí ohùn òkè tí ó máa ń wà láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, irú èyí tí a ń gbọ́ ní ìparí "ọmọ" nínú "Ọmọ́ lọ." Àwọn kan wò ó bí àmì ìbámu olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe, Awóbùlúyì kọ̀wé ní 1975 láti ta ko èrò náà. Ibi yòówù tí ènìyàn bá fì sí, ohun kan dájú: "Ọmọ́ lọ" àti "Àwọn ọmọ́ lọ" gba ohùn òkè kan náà. Kò ya ẹyọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀. Iṣẹ́ tí "s" ń ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì kò ní aṣojú nínú Yorùbá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ni ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà dé ojú ìwọ̀n. A bí Babs Fáfúnwá níbẹ̀ ní 1923, ó sì lọ sí C.M.S. Grammar School tí Macaulay dá sílẹ̀. Ní 1970, nígbà tí ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Èsì rẹ̀ fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Yorùbá kò jí Gẹ̀ẹ́sì wọn gbé.

Síbẹ̀, ọ̀ràn 1882 kò tíì tán. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tọ́ka sí ìfìdírẹmi àwọn ọmọ nínú ìdánwò. Èsì ìdánwò ni ó ń ṣe ìdájọ́ èdè ọmọ lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ó ti ṣe é láyé àwọn alábẹ̀wò.

Bí òfin ti wù kí ó rí, kò sí ẹni tí ó ní kí olùkọ́ má ṣe mọ èdè ọmọ tí ó jókòó níwájú rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Olùkọ́ tí ó bá kọ "Ó máa ń lọ" sí ẹ̀gbẹ́ kan pátákó, tí ó kọ "He goes" sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ó sì fi han ọmọ pé iye kò sí lára "lọ" rárá, ti ṣe ohun tí ìgbà mẹ́wàá àtúnkọ kò lè ṣe. Olùṣèdánwò tí ó bá mọ̀ pé èdè òun ni ó ń fa "s" yọ lọ́wọ́ òun yóò mọ ibi tí yóò ti ṣọ́ra, yóò sì padà wo gbogbo olùwà ẹyọ nínú ìwé rẹ̀ kí ó tó fi í sílẹ̀. Yóò ṣe é láìtijú, nítorí pé kì í ṣe òpè ni ó ṣubú. Àgbà ni, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rí ohun tí ó gbé e ṣubú.